Ilé Séríkì ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí: ìrìn mi sí àwọn ilé àtijọ́ Àgbádárìgì

Ẹni tó bá gbọ́ Àgbádárìgì, pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ló máa ń sọ sí i lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ ni tíṣà ṣe kọ́ wa ní pámárì, a sì kọ́ ọ sórí. N kò ní kí ẹ má lọ wò ó. Ohun tí mo ń wí ni pé kí ẹ má ṣe kọ́kọ́ débẹ̀. Ilé Séríkì Abass, ilé tí wọ́n ti ń kó ẹrú pamọ́, ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí, kí ẹ tó wá gun àtẹ̀gùn àwọn òyìnbó oníwàásù.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ. Ní ìgbà àkọ́kọ́, pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ya fọ́tò, mo sáré yí ìlú ká, mo jẹ ẹja yíyan, mo padà sílé. Ká ní ẹ bi mí ní ọ̀sẹ̀ kejì pé kí ni mo rí, fọ́tò ni ǹ bá fà yọ. Ní ìgbà kejì, mo mú ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin dání, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìláró. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún rẹ̀ kò gba ìrìn gígùn mọ́, ṣùgbọ́n kò sí àárọ̀ tí kì í ka Bíbélì Yorùbá rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti ń dà mí láàmú pé òun fẹ́ rí pẹ́tẹ́ẹ̀sì yẹn, ilé tí Àjàyí Crowther tó ṣíwájú nínú títúmọ̀ Bíbélì náà gbé. A dé ibi pẹ́tẹ́ẹ̀sì, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé méjì ti ṣáájú wa, àwọn ọmọ kún ibẹ̀ bí eéṣú. Bí a ṣe gba ilé Séríkì lọ nìyẹn. Kì í ṣe ọgbọ́n orí mi rárá.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà kò gùn. Láti Mile 2 ni a ti wọ̀ ọ́, ẹ sì tètè jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Lẹ́yìn Agbára, ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ibi tí wọ́n ti ń ta àgbọn lọ. Lílọ kò burú. Bíbọ̀ ni wọ́n ń ní kí ẹ ṣí búùtù, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá ń ti ìhà Sẹ̀mẹ̀, ní ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀, bọ̀, lójú wọn, ìrẹsì ló gbé.

Ẹ má ṣe retí ààfin nílé Séríkì. Ilé ilẹ̀ ni, yàrá tẹ̀ lé yàrá, páànù lókè, gbogbo rẹ̀ yí ọgbà kan po. Àwọn ọmọ-ọmọ bàbá náà ṣì ń gbé ibẹ̀. Ní ọjọ́ tí a lọ, ìró àti ṣòkòtò ọmọdé wà lórí okùn, ìyá kan ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, ó kí wa ní Ègùn, nígbà tó rí i pé a ò gbọ́, ó kí wa ní Yorùbá. Ibi tí mo ti fẹ́ràn ilé náà gan-an nìyẹn. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé míì, gíláàsì ló wà láàárín ẹ àti ìtàn. Níbí, ẹ̀gbẹ́ ìtàn náà ni wọ́n ti ń se ọbẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ló mú wa wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Ìláró, ó ní, "Ẹ kú ìrìn, Màmá. Ẹ rọra, ẹnu ọ̀nà yìí kéré." Àwọn ará ilé náà ní ní nǹkan bí ọdún 1840 ni wọ́n kọ́ ilé náà, pé yàrá 40 ló wà níbẹ̀ nígbà náà, àti pé 40 èèyàn ni wọ́n ń kó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ọkọ̀ òkun yóò fi dé. Ẹnu ló rọrùn láti fi sọ ọ́. Ìyá Ìláró wọ inú yàrá náà, ó dúró láàárín, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó fẹ́ wọn aṣọ. Ó wo fèrèsé kékeré tó wà lókè, ó wo ilẹ̀.

"Ogójì?" ló bi í.

"Ogójì, Màmá."

"Mo ń sin adìẹ nílé. Ogójì adìẹ kò lè sùn síbí kí ilẹ̀ mọ́ bá gbogbo wọn láàyè."

Ọmọkùnrin náà kò fèsì, ó sì yẹ kí n yìn ín fún ìyẹn. Àwọn afinimọ̀nà míì, bí ẹ bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n á fi gbà á, wọ́n á máa ka ìyókù bí àkọ́sórí. Èyí dákẹ́ títí ìyá fi jáde fúnra rẹ̀.

Níta ló ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ hàn wá. Ẹ gbé e bí wọ́n bá gbà kí ẹ gbé e. Ojú kò lè sọ bó ṣe wúwo. Ó wá dé orí agboòrùn. Ìtàn ilé náà ni pé 40 èèyàn ni wọ́n fi ń pààrọ̀ agboòrùn kan. N kò mọ bí ó ṣe rí lára yín bí ẹ ṣe ń kà á, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ wa lọ́jọ́ náà, agboòrùn méjì ló wà lẹ́yìn, ọ̀kan tilẹ̀ ti ṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ṣí agboòrùn, iye yẹn ló ń sọ sí mi lọ́kàn.

Ìgbà tó wá ń sọ ìtàn Séríkì fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ó ní ọmọdé ni bàbá náà nígbà tí ogun Dàhómì mú un, pé Abass ni orúkọ oníṣòwò tó kọ́kọ́ ní in, Williams sì ni orúkọ ará Bràsíl tó rà á lọ. Ó kọ́ èdè òyìnbó oríṣiríṣi lọ́hùn-ún, ó padà wá sílé, ó sì di ẹni tó ń ṣojú fún àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ará Bràsíl, nínú òwò tí wọ́n fi òun gan-an ṣe. Ó di Séríkì Mùsùlùmí, ìyẹn olórí àwọn Mùsùlùmí. Ní 1913 àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe olórí agbègbè náà. Ó kú ní 1919, ibojì rẹ̀ sì wà nínú ọgbà níbẹ̀.

"Níbo ni wọ́n ti mú un?" Ìyá Ìláró ló béèrè.

"Jóga-Orílé, Màmá."

"Jóga wo? Jóga tiwa?"

"Ní apá Yewa lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni."

Ìyá tó bí Ìyá Ìláró, apá ibẹ̀ ló ti wá. Ó jókòó sórí pèpéle. Ó ní kí ọmọ náà sọ orúkọ tí wọ́n sọ bàbá náà nílé kí ogun tó kó o. Ó ní Ifárẹ̀mílẹ́kún ni. Ìyá tún orúkọ náà pè lẹ́ẹ̀mejì, ó já a sí wẹ́wẹ́ bí a ti ń já obì. Ó ní, "Ifá rẹ àwọn òbí rẹ̀ lẹ́kún kí wọ́n tó bí i. Àwọn tó wá tà ńkọ́, ta ni yóò rẹ àwọn ìyá wọn lẹ́kún?"

Ẹni tí wọ́n ń gbé ìbéèrè náà fún, ọmọ ilé ni, ó tilẹ̀ lè jẹ́ ọmọ-ọmọ-ọmọ. Ó kàn ní, "Màmá, àwa náà ń béèrè rẹ̀." Wọn kò pa ìtàn bàbá wọn mọ́, wọn kò sì fi òróró kùn ún. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí a kì í ti í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa, n kò kà á sí nǹkan kékeré.

Ẹ wá fojú inú wò ó pé láti orí pèpéle yẹn ni a ti dìde lọ sí pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Kò jìnnà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ti lọ, ibẹ̀ pa rọ́rọ́, afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́ wọlé. Ní 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé náà lélẹ̀, wọ́n parí rẹ̀ ní 1845; CMS, ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó oníwàásù ìjọ Áńgílíkà, ló ni ín. Ilé náà kò tóbi. Bí ẹ bá ti ń gbé Èkó, ẹ ti rí ilé ọ̀gá sójà tó tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sọ pé, "Ṣé èyí náà ni?" Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ilé Séríkì bọ̀ kò ní wo páákó àti fèrèsé. Ọmọ tí wọ́n mú ni Àjàyí Crowther náà. Ní Òṣoògùn ni, 1821, nígbà tó tó ọmọ ọdún méjìlá. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi wọ ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Ohun tó yà á yàtọ̀ sí Ifárẹ̀mílẹ́kún ni pé ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì pàdé ọkọ̀ tirẹ̀ lójú òkun ní 1822, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ ní Sàró (Sierra Leone). Ó di àlùfáà ní 1843. Nígbà tí òun àti àwọn òyìnbó oníwàásù méjì, Townsend àti Gollmer, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kìn-ín-ní 1845, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, kú, ọ̀nà dí, wọ́n sì lo bí ọdún kan àtààbọ̀ níbẹ̀. Bí ọdún tí wọ́n ń kà nílé Séríkì bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ìgbà kan náà ni ilé méjèèjì ń ṣiṣẹ́: níbí ọmọ tí wọ́n tà ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò fi túmọ̀ ìwé, lọ́hùn-ún wọ́n ń ka orí. Òfin Gẹ̀ẹ́sì tó de òwò náà sì ti pé ọdún méjìdínlógójì nígbà yẹn, láti 1807.

Ìyá Ìláró gun àtẹ̀gùn náà ní ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan, ó kọ̀ kí n di òun mú. Bíbélì Yorùbá àtijọ́ kan wà lókè. Ó kúnlẹ̀? Rárá o. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wò ó pẹ́ títí, ó ní, "Wọ́n mà kọ lẹ́tà wọn kéré jù." Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n fi kànga inú ọgbà hàn wá ni omi tó bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kì í: "Àjàyí, Ògídí Olú, oníkànga àjípọn." Mo ti gbọ́ oríkì yẹn láti kékeré, wọ́n fi ń kí gbogbo Àjàyí, n kò rò ó rí pé mo lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ilé Àjàyí kan kí n gbọ́ ọ. Ní 1846, tí wọ́n dé Abẹ́òkúta, Àjàyí rí Àfàlà ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo sọ ìyẹn fún un nínú ọkọ̀. Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun ń rò ó bóyá ìyá Ifárẹ̀mílẹ́kún náà rí tirẹ̀.

Àwọn ibi yòókù, mo máa sáré dárúkọ wọn. Ibi igi Àgíà, níbi tí wọ́n ti wàásù ìhìnrere ní 1842: igi náà ti wó ní 1959, òkúta ìrántí ló kù, ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Ọjà ẹrú Vlekete wà láàárín ìlú. Bí ẹ ò bá ní ẹni tí yóò sọ ìtàn rẹ̀ fún yín, ẹ ó kàn wò ó kọjá ni. Ilé Mobee dára fún ẹni tó bá fẹ́ rí irinṣẹ́ òwò ẹrú sí i. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Èkó tó wà nínú ọ́fíìsì àwọn òyìnbó àtijọ́ ni kí ẹ mú àwọn ọmọdé lọ, torí ìtàn wà níbẹ̀ létòlétò. Ní ti Gbẹ̀rẹ̀fú, erékùṣù tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà lọ sí òkun, ọkọ̀ ojú omi ni ẹ ó fi sọdá ọ̀sà, ẹ ó wá rìn nínú iyanrìn, ẹ ó kọjá lára kànga tí wọ́n ní wọ́n ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé, kí ẹ tó dé etí òkun. Ìgbà àkọ́kọ́ ni mo lọ. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ má sì wọ ọkọ̀ láìwọ jákẹ́ẹ̀tì omi. Orúnkún ìyá kò jẹ́ ká lọ ní ìgbà kejì, n kò sì kábàámọ̀.

Ohun tó bí mi nínú kò ju ọ̀kan lọ, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí a ṣe páàkì níbì kan, ọ̀dọ́kùnrin kan já lu ilẹ̀kùn ọkọ̀ wa, ó ní òun ni afinimọ̀nà, ká san owó kámẹ́rà fún òun. Mo san án. Kò sí rìsíìtì, kò sì sí ìtàn kankan lẹ́nu rẹ̀. Ọdún tó sọ fún wa níta yàtọ̀ sí èyí tí a kà lára ògiri nínú ilé. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹnu ọ̀nà ilé gan-an ni kí ẹ ti béèrè ẹni tí yóò mú yín yí ká, kí ẹ sì béèrè iye kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Ẹ mú owó kéékèèké dání, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé káàdì.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ìrìn náà. Márùn-ún ni mo ti fẹ́ kọ tẹ́lẹ̀. Ìyá Ìláró ló bi mí bóyá àga wà ní gbogbo ibi tí a dé. Mo ní kò sí. Ó ní, "Kí lo wá ń kọ márùn-ún fún, Àjàní? Ṣé orúnkún rẹ ni?"