Ọdún méjì tí mo fi ń ra ṣíà lórí fóònù lásìkò ọ̀wọ́ngógó

Aláró ni mí l'Òṣogbo. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lọ́dún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ nínú oṣù Kẹfà, owó tí mo kó sí báńkì wà níbẹ̀ pérépéré, àmọ́ kọ́síìkì àti aṣọ funfun tó lè rà ń kéré sí i ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé ọjà. Ìyẹn ló gbé mi dé ìdí áàpù alágbàtà kan tí èèyàn fi ń ra ṣíà, ìyẹn ìpín nínú ilé iṣẹ́, ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí mo ní ẹ̀sùn tí mo fẹ́ kà sí wọn lọ́rùn.

Kí n tó fi kọ́bọ̀ síbẹ̀, mo kọ́kọ́ wò bóyá orúkọ wọn wà láàárín àwọn tí SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọjà ṣíà, fún láṣẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibẹ̀ yẹn. Wọ́n gba BVN mi, wọ́n sì bá mi ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ CSCS, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó ni ṣíà, níbi tí ṣíà wà lórúkọ èmi fúnra mi, kì í ṣe lórúkọ alágbàtà.

Ohun tó dára jù nínú áàpù náà ni pé ìṣirò owó ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìbéèrè méjì. Èkíní: bí wọ́n bá fowó lé ọjà wọn, ṣé oníbàárà á sá? Ìyẹn ò ṣàjèjì sí mi. Ìgbà tí mo fowó lé àdìrẹ, àwọn tó ń ra aṣọ ẹbí lọ́wọ́ mi yà sídìí àǹkárá. Èkejì ni mi ò mọ̀ rí: ṣé wọ́n jẹ gbèsè dọ́là? Ta ni kì í ra Milo àti Maggi? Síbẹ̀ Nestlé Nigeria pàdánù lọ́dún 2023, Nigerian Breweries náà pàdánù, torí bí náírà ṣe ń já ni gbèsè owó òkèèrè ń wú. Okomu àti Presco tó ń ṣe epo pupa ní tiwọn, wọ́n ní oko ọ̀pẹ ní ìpínlẹ̀ Edo, bí dọ́là bá sì gbówó lórí, epo pupa tí àwọn ẹlòmíràn ń kó wọlé láti òkèèrè á wọ́n, tiwọn náà á gbówó lórí. Ẹni tó bá ń ra epo pupa l'Ọjà Ọba kò nílò àlàyé. Mo fi 120,000 náírà ra ọ̀kan nínú wọn, mo fi 80,000 ra ti báńkì kan. Nígbà tí dífídẹ́ǹdì, ìyẹn èrè tí ilé iṣẹ́ ń pín fún àwọn onípìn-ín, dé, ìjọba yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìyókù sì wọlé tààrà sí àkáǹtì mi.

Ẹ̀sùn mi nìyí o. Áàpù náà ń fi lẹ́tà gàdàgbà kéde èrè àwọn báńkì, kò sì sọ pé CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti pàṣẹ nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 pé kí wọ́n má pín èrè tí wọ́n rí látàrí jíjábọ́ náírà fún àwọn onípìn-ín. Ìyẹn dùn mí, torí èrè yẹn gan-an ni mo rí tí mo fi rà á.

Lọ́dún 2024 kan náà, mo fẹ́ ta díẹ̀ láti san owó ilé ìwé ọmọ. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ló yẹ kí owó fi wọlé nígbà náà. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló bá mi kọ̀wé sí wọn léraléra. Wọ́n tún ń yọ owó nígbà tí èèyàn bá rà, wọ́n ń yọ nígbà tó bá tà, kí ẹni tó ń fi owó táṣẹ́rẹ́ rà á, tó ń tà á lemọ́lemọ́, mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 2024, ọjà ṣíà lápapọ̀ fi 37.65% gbéra, ọ̀wọ́ngógó nínú oṣù Kejìlá jẹ́ 34.80%. Ẹ wo bí àlàfo náà ṣe tín-ín-rín tó.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Mo ṣì ń lò ó, àmọ́ owó kọ́síìkì àti owó ilé ìwé kì í débẹ̀ mọ́. Èyí tí mi ò ní fọwọ́ kàn fún ọdún kan gbáko nìkan ni mò ń kó síbẹ̀.