Ẹ ṣọ́ra fún rìwáyà tó máa ń pe gbogbo àìsàn mọ́tò ní "bréènì" l'Ádó

Èkìtì kete, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa tòkunbọ̀ bíi tèmi, torí owó iléèwé ọmọ ni mo kó fún ọkùnrin yìí, mi ò sì fẹ́ kí ẹlòmíì kó irú ẹ̀ fún un.

Camry 2007 ni mò ń wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Muscle. Àárọ̀ Túsìdeè kan mo fẹ́ lọ kó gàrí n'Íkọ̀lé, mo yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò kàn ń dún kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́, iná dáṣíbọ́ọ̀dù ń ṣẹ́jú, kò sítáàtì. Mẹkáníìkì mi ò sí nílé, ó lọ sìnkú, aládùúgbò kan ló wá júwe rìwáyà kan, ìyẹn ẹni tó ń tún iná mọ́tò ṣe, fún mi láàrin Adó níbí. Ọkùnrin náà dé pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ méjì. Kò wo orí bátìrì o, kò mú tẹ́sítà jáde, kò fọwọ́ kan wáyà kankan, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó mi orí, ó ní "Há, Mọ́mì, bréènì ti lọ nìyí o." Bréènì yìí ni kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì.

Wọ́n fi bátìrì mìíì jọ́ńpù ẹ̀, ó sítáàtì lójú ẹsẹ̀, wọ́n wà á lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Ó ní kí n lọ jókòó lábẹ́ igi lọ́hùn-ún kí oòrùn má pa mí. Èmi náà lọ jókòó. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tó fi pè mí, ó gbé bréènì bọ́ọ̀sì kan tó ti jó dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan hàn mí, ó ní ara mọ́tò mi lòun ti yọ ọ́, òun ti fi tòkunbọ̀ tó mọ́ sí i. 120,000 náírà owó ọjà, 15,000 owó iṣẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò já kọ́bọ̀ kan. Mo béèrè rìsíìtì, ó ní ìwé ti tán. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ti gbé bátìrì mi wọ inú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní àwọn fẹ́ cháàjì ẹ̀ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, mo tiẹ̀ tún ń dúpẹ́.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, mò ń ti Ìkọ̀lé bọ̀ pẹ̀lú àpò gàrí mẹ́fà, mo dúró l'Ọ́yẹ̀ kí n já méjì fún oníbàárà mi, ìgbà tí mo padà wọ mọ́tò, kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́. Ohùn kan náà gẹ́lẹ́. Ilẹ̀ ti ń ṣú, mo fẹ́ẹ̀ sunkún.

Ọlọ́run ló bá mi ṣe é, bàbá rìwáyà kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún wà nítòsí ibẹ̀. Bàbá ní "Ọmọ mi, mọ́tò tó bá ń dún báyìí, iná ni kò tó o, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tí iná ń gbà." Ó mú mítà kékeré kan, ó fi kan bátìrì, ó ní 12.2 fólítì, pé bátìrì tó yó nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́ máa ń wà ní bíi 12.6, èyí ò yó ṣùgbọ́n kò kú. Ó wá fi ẹsẹ̀ mítà kan sí orí negative bátìrì, ó fi ìkejì sára ẹ́ńjìnnì, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Mítà gbé ohun tó lé ní 3 fólítì. Ó ní tí áàtì, ìyẹn wáyà tó so negative bátìrì mọ́ ara mọ́tò, bá dáa, kò yẹ kó tó 0.5, pé níbẹ̀ ni iná ti ń ṣòfò. Ó tọ wáyà áàtì dé ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ bọ́dì, nọ́ọ̀tì ibẹ̀ ti dẹ̀, ìpẹtà funfun àti àwọ̀ ewé ti bò ó mọ́lẹ̀. Ó tú u, ó fi yanrìn-pépà ha á títí irin fi ń dán, ó fi omi gbóná àti báákìń sódà fọ orí bátìrì, ó nù ún gbẹ, ó dè é le. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ó sítáàtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó tún wọn bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, 14.2, ó ní alternator mi, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń cháàjì bátìrì tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, dáa. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni bàbá gbà.

Mo wá sọ fún un pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ bréènì ẹ̀ ni o. Bàbá wò mí. Ó ní ta ló wá kọ́ bréènì tuntun yẹn ní kọ́kọ́rọ́ mi? Ẹ gbọ́ ibí yìí dáadáa. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi ní ṣíìpù nínú, ohun tí wọ́n ń pè ní immobilizer, mọ́tò àti kọ́kọ́rọ́ ti mọ ara wọn, ẹ ò lè kàn mú bréènì mọ́tò ẹlòmíì wá kẹ́ ẹ tì í bọ̀ ọ́ kí kọ́kọ́rọ́ yín àtijọ́ sì sítáàtì ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan jókòó tì í pẹ̀lú ẹ̀rọ ṣètò ẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú, kò sí ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́ wọn, kọ́kọ́rọ́ mi ò sì kúrò lọ́wọ́ mi nígbà tí mo wà lábẹ́ igi. Bàbá ṣí ibi tí bréènì wà, eruku tó wà lórí nọ́ọ̀tì ẹ̀ tó eruku ọdún mẹ́wàá, sípánà ò kàn án rí. Èyí tó jó yẹn, wọ́n tọ́jú ẹ̀ síbẹ̀ láti máa fi hàn èèyàn ni.

Mo ní kí ló wá dé tó fi ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin? Bàbá ní nígbà tí wọ́n jọ́ńpù ẹ̀, ara ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi wáyà kejì há, iná ò gba ibi áàtì tó bàjẹ́ kọjá mọ́, ìdí nìyẹn tó fi sítáàtì. Ìgbà tí wọ́n sì ń tú bátìrì, wọ́n mi wáyà yẹn, ó gbá ara mú díẹ̀. Bátìrì tí wọ́n ní àwọn cháàjì tí wọ́n dá padà sínú mọ́tò gan-an, ilé ni mo ti rí i pé kì í ṣe tèmi.

Mo padà lọ bá a. Ó kọ́kọ́ ní òun ò mọ̀ mí. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ lọ́yà bá mi lọ, ó dá 50,000 padà, ó ní ká wá gba ìyókù ní ìparí oṣù. Oṣù ti parí lẹ́ẹ̀mejì. Awakọ̀ takisí kan tó ń ná Adó sí Ìkéré ti sọ fún mi pé òun náà bọ́ sí i, alternator ni wọ́n fi mú tiẹ̀, wọ́n yọ èyí tó dáa, wọ́n fi ògbólógbòó kan tí wọ́n fọ́n ọ̀dà fàdákà sí rọ́pò ẹ̀. Níṣojú ẹ̀ ni wọ́n ti yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, mọ́tò kú, wọ́n ní ṣé o rí i, alternator ò cháàjì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dán irú ẹ̀ wò lára mọ́tò yín láéláé, iná lè fò sókè lójijì níbẹ̀ kó ba alternator tó dáa jẹ́, kó ba bréènì gan-an jẹ́. Mítà la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ tó wà láàárín 13.5 sí 14.5, alternator yín ń cháàjì.

Tí tiyín bá dún kẹ́kẹ́kẹ́, ẹ wo orí bátìrì àti áàtì kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ kọ́ kan ṣoṣo ló dún tí iná sì mọ́lẹ̀ dáadáa, ó lè jẹ́ kíìkìsítátà, ẹ̀rọ tó ń jí ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́. Tó bá jẹ́ fèrè tàbí wáípà nìkan ni ò ṣiṣẹ́, fíúsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, pupa ni 10, búlúù ni 15, yẹ́lò ni 20, aláwọ̀ ewé ni 30, iye tó wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi padà, ẹ má fi wáyà dí i torí wáyà inú mọ́tò ló máa jó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú bátìrì, negative ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ, òun náà ni kẹ́ ẹ dè kẹ́yìn. Ẹ má lọ jókòó lábẹ́ igi kankan o, ẹ dúró ti mọ́tò yín, ohun tí wọ́n bá sì yọ, ẹ gbé e lọ sílé.

Bátìrì mi dúdú, ó ní ìdìmú lórí, mo fi máákà funfun kọ 14/2 sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo rà á. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé e wá tà fún yín l'Ádó gẹ́gẹ́ bíi tòkunbọ̀, tèmi ni.