Jíà Red AXS tí kò ní wáyà, àti bàbá fọkanáísà Ìmọ́tà

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi mú sùúrù kí n tó kọ èyí. Ká ní Sátidé yẹn gan-an ni mo kọ ọ́, èébú nìkan ni ẹ̀ bá kà.

Ojú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ìtòìkín ni mo wà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ilé iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ́tà ni, nígbà tí jíà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi kọ̀ jálẹ̀. Mo tẹ jíà ti ọwọ́ òsì, èyí tó ń mú un rọ̀, kò dáhùn. Mo tún un tẹ̀. Ó dákẹ́ bí ajigbèsè tó rí olówó rẹ̀. Orí àwo eléyín tó kéré jù ni ṣéènì há sí, ibi tó le jù lọ. Òkè kékeré tó wà níwájú, tí mi ò kà sí nǹkan tẹ́lẹ̀, ló wá di òkè Olúmọ sí mi lẹ́sẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀. Tírélà kan kọjá, ó fi eruku kí mi.

Red AXS ti SRAM, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà kẹ̀kẹ́, ni jíà náà tòun ti bírékì rẹ̀, èyí tí wọ́n gbé jáde lóṣù Karùn-ún ọdún 2024. Owó rẹ̀ lé ní ti ọ̀kadà tuntun méjì. Ìyàwó mi ò tíì mọ iye rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bò ó. Kò ní wáyà, bátìrì ló ń yí i: àwo eléyín 12 lẹ́yìn, bátìrì kan lẹ́yìn, ọ̀kan níwájú.

Mo ti kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà kan lábẹ́ igi ọdán. Mi ò wá ìrànlọ́wọ́ lọ o, ibi tí mo máa jókòó sí ni mò ń wá. Kí ni bàbá tó ń lẹ táyà tírélà fẹ́ mọ̀ nípa èyí?

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá.”

“Òo, kú ìrìn. Kí ló ṣe ológeere ẹ?”

“Bátìrì ẹ̀ ló kú, sà.”

Ó wò mí títí. “Ológeere ń lo bátìrì?”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tí gírísì ti kùn dúdú tọ́ka sí ẹ̀yìn, ó tún tọ́ka síwájú. “Èyí ńkọ́? Ṣé òun náà ti kú ni?”

Mo ní kò kú.

“Ṣebí ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n?”

Ẹnu mi wọhò. Bátìrì méjèèjì jọra bí ìbejì! Mo yọ ti iwájú, mo tì í bọ ẹ̀yìn, ó ró kẹ́. Mo tẹ ti ọwọ́ òsì, ṣéènì sì gun eyín lọ bí ọ̀bọ ṣe ń gun igi. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní kí n mú owó ìṣègùn wá. Ẹgbẹ̀rún méjì ni mo fún un, kò sì dùn mí rárá.

Ṣọ́ọ̀bù tó tà á fún mi ló ń dùn mí. Erékùṣù ni wọ́n wà, orúkọ wọn ò ní jáde lẹ́nu mi. Ọmọkùnrin ibẹ̀ fi bíi wákàtí kan ṣàlàyé bó ṣe fúyẹ́ tó, kò rántí sọ pé kí n máa yọ bátìrì tí mo bá fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ sínú búùtù. Jíà yìí kì í sùn tí ọkọ̀ bá ń mì ín. Ó rò pé wọ́n ń gun òun ni. Ẹ sì mọ gósílóò Kétu sí Mile 12. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn, tí mo tún gbé e bọ̀, torí afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú epo bírékì.

Mo pe ọmọkùnrin náà. “Ẹ̀gbọ́n, ó wà nínú ìwé tó bá a wá.” Mo bi í bóyá ó tiẹ̀ ṣáàjì bátìrì kó tó gbé kẹ̀kẹ́ fún mi. “Bó ṣe ti inú páálí jáde náà ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú.” Ó wá bi mí bóyá mo fẹ́ ra bátìrì kẹta. Ẹ gbà mí o!

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ tèmi náà. Bọ́tìnì kékeré kan wà lára jíà ẹ̀yìn: tẹ̀ ẹ́, iná aláwọ̀ ewé ní kò séwu, pupa ní wá iná ṣáájú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, pupa tó ń ṣẹ́jú ní wákàtí tó kù kò ju 5 lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti rà á, mi ò tẹ̀ ẹ́ rí. Ìwé náà ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀.

Kí n má parọ́, ìrìn àbọ̀ yẹn dùn. Ọwọ́ ọ̀tún mú un le, ọwọ́ òsì mú un rọ̀, èèyàn ò ní ronú sí i mọ́. Iwájú kò ní bátìrì, síbẹ̀ mo ṣì ń tẹ méjèèjì pọ̀ kó lè pààrọ̀, torí ó ti mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n dé Ìkòròdú, ewúrẹ́ kan já sójú títì. Ìka kan péré ni mo fi fa bírékì. Kẹ̀kẹ́ dúró, ewúrẹ́ náà dúró, a wo ara wa. Lórí jíà mi àtijọ́, gbogbo ọwọ́ ni ǹ bá fi fà á, mi ò sì mọ̀ bóyá ewúrẹ́ ìyá kan ni ǹ bá máa san owó rẹ̀ báyìí.

Máàkì: 6 nínú 10. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ mi, kó má wulẹ̀ pè, mi ò tà á.