Tẹ́sítà plọ́ọ̀gì dọ́là 7 tó jẹ́ kí n mọ ohun tó ń ṣe mówà mi

Dọ́là 7 àti sẹ́ńtì díẹ̀ ni mo ra tẹ́sítà yìí, ohun kékeré tó ń fi hàn bóyá iná ń dé orí plọ́ọ̀gì, èyí tó ń tanná sí epo nínú ẹ́ńjìnì. Kí n tó rà á, mo ti ná dọ́là 310 lórí mówà kan, ẹ̀rọ tí a fi ń gé koríko, tí kò sẹ́ni tó rí ohun tó ń ṣe é. Ìyẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, kí ẹni tí irú rẹ̀ bá ń ṣẹlẹ̀ sí má bàa máa fi owó oúnjẹ ra ohun tí kò bàjẹ́.

Ẹ̀yìn ìlú Houston ní Texas là ń gbé, níbi tí ilẹ̀ ti gbòòrò díẹ̀. Tiwa tó éékà kan. Ọkọ mi ń wa tírélà, ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì lójú ọ̀nà kó tó wọlé, torí náà èmi ni mò ń gé koríko. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, àárọ̀ Sátidé nìkan ló ṣẹ́ kù fún mi. Koríko ibí yìí kì í sì í dúró de èèyàn. Bí òjò bá rọ̀ lóṣù Karùn-ún, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti bo kókósẹ̀, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò á sì ti kọ lẹ́tà pé àwọn máa bu owó ìtanràn lé wa. A wá ra mówà àlòkù kan, irú èyí tí èèyàn ń jókòó lé bí ẹni tó ń wa ọkọ̀. Ínǹṣì 42 ló ń gé lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ onípísítìn kan.

Bí mówà yìí bá tutù, ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa yí kọ́kọ́rọ́, ó ti dáhùn. Á ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú láìkọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n tí mo bá lè pa á pẹ́nrẹ́n, bóyá kí n gbé bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ kúrò lọ́nà tàbí kí n mu omi, ó tán nìyẹn. Sítátà á máa yí i fìì, fìì, fìì, bátìrì ò rẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ ẹ́ńjìnì ò ní gbà. Ìdajì ọgbà ti mọ́, ìdajì kejì rí játijàti. Tí mo bá fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan tí mo padà dé, á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, àfi bíi pé ẹlòmíì ló ṣe gbogbo ìyẹn.

Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún mówà ṣe. Kí tírélà kékeré tí mo fi gbé e tó débẹ̀, ó ti tutù. Ọ̀gbẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ mi yí kọ́kọ́rọ́, ó dáhùn. Mo ṣàlàyé pé ìgbà tó bá gbóná ni wàhálà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sórí pépà lójú mi. Wọ́n fọ kabúrétọ̀, wọ́n pààrọ̀ fílítà epo, wọ́n gba dọ́là 185. Sátidé tó tẹ̀lé e, ó tún kú sí àárín koríko. Mo gbé e padà, wọ́n ní bátìrì ni. Bátìrì tó ń yí ẹ́ńjìnì kíkankíkan! Wọ́n fi tuntun sí i, dọ́là 125, kò sì yí nǹkan kan padà.

Ó dùn mí gan-an, kì í ṣe nítorí owó nìkan. Èmi náà ń tọ́jú èèyàn. Bí aláìsàn bá sọ fún mi pé ìgbà tí òun bá ń gun àtẹ̀gùn ni àyà máa ń dun òun, mi ò lè wò ó lórí bẹ́ẹ̀dì níbi tó ti ń sinmi kí n wá ní ara rẹ̀ le, kó máa lọ sílé.

Àbúrò mi ọkùnrin ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe n'Íbàdàn, nítòsí Àgodi Gate. Aago mọ́kànlá àárọ̀ Sátidé lọ́dọ̀ wa, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ tiwọn. Mo pè é lórí WhatsApp, mo gbé fóònù sún mọ́ ẹ́ńjìnì kó lè gbọ́ bó ṣe ń yí. Kò jẹ́ kí n rojọ́ tán.

“Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ṣé ó gbóná?”

“Rárá, ó ti tutù.”

“Wọn ò tíì wò ó nìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣe báyìí pọ̀ níwájú mi níbí. Ó lè jẹ́ kọ́ìlì tó ń fún plọ́ọ̀gì níná, ó lè jẹ́ epo. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ra nǹkan kan o. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá iná ń dé orí plọ́ọ̀gì ní àkókò tó bá kọ̀ yẹn gan-an.”

Bí àwọn ṣe ń wò ó n'Íbàdàn, wọ́n á tú plọ́ọ̀gì jáde, wọ́n á fi í kan ara ẹ́ńjìnì, ẹnì kan á fa okùn, wọ́n á wá máa wo iná tó ń ta lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí èmi má dán irú rẹ̀ wò. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, irin ti gbóná, epo sì wà nítòsí, iná bíńtín yẹn sì lè ràn mọ́ ọn. Òun ló ní kí n wá tẹ́sítà.

Tẹ́sítà ọ̀hún ò ju ìka ọwọ́ mi lọ. Orí kan rẹ̀ rí bíi ti plọ́ọ̀gì, inú rọ́bà orí wáyà ni wọ́n ń kì í bọ̀. Orí kejì ṣófo nínú, òun ló ń bo plọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀. Ike tó mọ́ gaara ló wà láàárín méjèèjì, gílóòbù tín-ín-tín sì wà nínú rẹ̀. Bí kọ́rẹ́ǹtì bá ń gba ibẹ̀ kọjá, gílóòbù á máa ṣẹ́jú. Ẹ ò ní tú plọ́ọ̀gì, ẹ ò sì ní fọwọ́ kan ibi tí kọ́rẹ́ǹtì wà.

Mo kọ́kọ́ lò ó láàárọ̀ kí mówà tó gbóná, kí n lè mọ bó ṣe ń rí nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Mo ti búréèkì, mo rí i pé abẹ ò sí lẹ́nu iṣẹ́, mo sọ̀ kalẹ̀, mo na ọwọ́ yí kọ́kọ́rọ́. Gílóòbù ń ṣẹ́jú, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ́ńjìnì sì dáhùn. Mo yọ tẹ́sítà, mo gé koríko fún ogójì ìṣẹ́jú, mo pa á, mo sì dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ má fo ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn. Fáànù tó ń fẹ́ ẹ́ńjìnì wà lórí fúláíwíìlì, irin ribiti tó ń bá ẹ́ńjìnì yí, bí ẹ́ńjìnì bá dúró, òun náà dúró, ooru tó wà nínú irin á wá máa rọ́ bá kọ́ìlì. Ẹ̀yìn tí èèyàn bá pa á ni kọ́ìlì ń gbóná jù. Wáyà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ká sínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà á fẹ̀, ibi tó bá ti sán nínú rẹ̀ á já síra. Tó bá tutù, á tún pa pọ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í kú lẹ́nu iṣẹ́, àfi ìgbà tí mo bá fẹ́ tún un tan.

Mo wọ ìbọ̀wọ́, torí sàílẹ́ńsà ò jìnnà sí plọ́ọ̀gì rárá. Mo ki tẹ́sítà bọ̀ ọ́, mo yí kọ́kọ́rọ́. Mi ò rí nǹkan kan. Mo ní bóyá oòrùn ni, mo bá ṣí akẹtẹ̀ mi, mo fi ṣíji bò ó, mo tún yí i. Dúdú. Mo ṣí ìdérí táǹkì epo bí àbúrò mi ṣe ní kí n ṣe, bóyá ihò afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ ló dí tí epo ò fi sọ̀. Kò fa atẹ́gùn sínú, gílóòbù náà ò sì ṣẹ́jú. Mo lọ jókòó. Lẹ́yìn wákàtí kan, mo yí kọ́kọ́rọ́, iná padà dé, wàì, wàì, wàì. Mo pariwo débi pé àwọn ọmọ sáré jáde.

Síbẹ̀ àbúrò mi ò jẹ́ kí n ra kọ́ìlì. Wáyà kékeré kan wà tó ti ara kọ́ìlì lọ síbi kọ́kọ́rọ́ àti swíìṣì abẹ́ ìjókòó, òun ni wọ́n fi ń pa ẹ́ńjìnì. Bí ara rẹ̀ bá bó tó kan irin, iná ò ní sí, bẹ́ẹ̀ kọ́ìlì ò ṣe nǹkan kan. Sátidé tó tẹ̀lé e, nígbà tó tún gbóná tó kọ̀, mo yọ wáyà náà, mo sì dán an wò. Ó ṣì dúdú. Kọ́ìlì ni lóòótọ́.

Ohun tí mo rí nígbà tí mo tú ìdérí fáànù kúrò ló yà mí lẹ́nu jù. Koríko gbígbẹ ló kún abẹ́ rẹ̀ fọ́fọ́, eruku àti ọ́ìlì ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bíi tìmùtìmù àtijọ́. Mo fi irin wú u, ó jáde lódindi, àmì àwọn ìyẹ́ irin ẹ́ńjìnì sì hàn lára rẹ̀ geere bí ilà ojú. Àárín àwọn ìyẹ́ yẹn ló yẹ kí atẹ́gùn máa gbà kọjá. Èmi gbà pé ooru tí koríko yìí há mọ́ inú ló jó kọ́ìlì náà. Bóòtù mẹ́rin péré ló de ìdérí yẹn, ṣọ́ọ̀bù tó gba dọ́là 310 lọ́wọ́ mi ò sì tú u.

Dọ́là 34 ni kọ́ìlì tuntun, bóòtù méjì ló gbé e dúró. Kọ́ìlì ò gbọdọ̀ fara kan fúláíwíìlì, kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí i. Mo yí fúláíwíìlì títí mágínẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ fi kọjú sí kọ́ìlì, mo ki káàdì kékeré tí dókítà eyín wa kọ nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀ sí sáàárín wọn, mágínẹ́ẹ̀tì fa kọ́ìlì mọ́ra, gbàmù. Mo dè é le, mo yí fúláíwíìlì, káàdì bá a jáde. Ní oṣù Kẹjọ, tí ooru kọjá 100 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, mo pa mówà yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín iṣẹ́ kan ṣoṣo, ó sì dáhùn lẹ́ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún tẹ́sítà. Iná gílóòbù rẹ̀ kéré jù fún ọ̀sán gangan, bí ò bá sí akẹtẹ̀ mi, mi ò ní mọ̀ bóyá ó ń ṣẹ́jú. Ike rẹ̀ le, ó sì kúrú, mo jìjàkadì kó tó wọ plọ́ọ̀gì tèmi. Ohun mìíràn tún ni pé ó ń sọ bóyá kọ́rẹ́ǹtì ń kọjá, kò lè sọ bóyá ó lágbára tó. Irú èyí tó ní ẹnu tí èèyàn lè fẹ̀ tàbí kó dín kù ló ń fi ìyẹn hàn. Bí gílóòbù bá sì ń ṣẹ́jú tí ẹ́ńjìnì ṣì kọ̀, ẹ fi kọ́ìlì sílẹ̀, ẹ lọ wo epo. Bó bá jẹ́ pé sítátà fúnra rẹ̀ ni kò lè yí ẹ́ńjìnì kọjá, bóyá fáfù ló fẹ́ sẹ́tì, tẹ́sítà yìí ò wúlò fún ìyẹn.

Mo ra méjì sí i, mo fi wọ́n sínú ẹrù tí ọ̀rẹ́ mi gbé lọ sílé. Àbúrò mi pè mí lọ́jọ́ tó gbà wọ́n. Ó ní wẹ́rẹ́ ló wọ plọ́ọ̀gì jẹnẹrétọ̀ kékeré, abẹ́ páànù tí òun ti ń ṣiṣẹ́ sì ṣókùnkùn dáadáa, gílóòbù náà ń hàn kedere. Ó ti so ọ̀kan mọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn spánà rẹ̀.