Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta ìpara inú ike funfun

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ojú tì mí tán lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n lù mí ní jìbìtì. Ìpara làpálàpá ni mo rà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tajà lórí WhatsApp, oṣù mẹ́ta gbáko ni mo sì fi ń fi owó ara mi bọ́ àìsàn tó wà lára mi. Kì í ṣe pé mi ò kàwé o. Mo kàwé. Ẹni tí ara ń yún láàárín òru ni kó wá bá mi sọ̀rọ̀ ìwé.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Nǹkan róbótó kan yọ sí mi lápá òsì, lókè ìgúnpá díẹ̀. Etí rẹ̀ ga, ó dúdú ju ara mi yòókù lọ, ó ń hó wẹ́wẹ́, àárín rẹ̀ sì mọ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Ẹni tó bá ti rí làpálàpá rí yóò dá a mọ̀. Èmi náà dá a mọ̀! Mo tiẹ̀ pè é lórúkọ nígbà tí mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ ibi yìí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ó jọ làpálàpá." Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀ ló ti dáhùn: "Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Làpálàpá o, èélá o, irorẹ́ o, kúrùnà o, kò sí èyí tí ìpara wa kì í lé lọ. Ewé àti egbò ni gbogbo ẹ̀, kò sí kẹ́míkà kankan níbẹ̀."

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ohun tó ń fa làpálàpá, ìbátan èèhù ni. Kòkòrò tíntìntín tó ń gbẹ́ ihò sábẹ́ awọ ló ń fa kúrùnà. Irorẹ́, ojú ihò ara ló dí, tí ọ̀rá há sínú rẹ̀. Èélá, èyí tí wọ́n ń pè ní eczema, ara tó gbẹ, tó sì ń bá ara rẹ̀ jà ni. Àìsàn mẹ́rin, ìdí mẹ́rin, ike kan ṣoṣo! Ẹ tún un kà. Ike kan ṣoṣo! Èmi náà gbọ́ ọ, mo sì sanwó.

Nígbà tí ó dé, ike funfun lásán ni. Kò sí orúkọ, kò sí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kò sí ohun tí wọ́n fi ṣe é, kò sí àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é. Bébà kékeré kan tí wọ́n ya òdòdó sí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdérí. Ṣé mi ò rí i ni? Mo rí i. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wá àwíjàre nínú ọkàn mi, pé ohun tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kì í sábà ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kò tíì bẹ̀ mí níṣẹ́ agbẹjọ́rò tí mo ti ń gbèjà rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, yíyún dá. Wọ̀ọ̀, bí ìgbà tí wọ́n bu omi paná. Ọjọ́ kẹta, etí tó ga yẹn ti tẹ́. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò apá mi, mo fi ránṣẹ́ sí i, mo dúpẹ́, mo tún ṣàdúrà fún un. Èmi yìí! Mo ṣàdúrà fún un. Èyí tó burú jù ni pé mo pe àbúrò mi, mo ní òun náà kó ra tiẹ̀ fún irorẹ́ ojú rẹ̀. Ẹ dúró ná, mò ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó padà. Kì í ṣe ọ̀kan mọ́, mẹ́ta ni, ọ̀kan wà nínú èkejì. Mo kọ̀wé sí i. Ó ní ìdọ̀tí inú ara ló ń jáde, àmì pé oògùn ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, kí n máa fi í pa á lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́. Mo ra ike kejì. Bí mo bá ti fi pa á, á rọ̀. Bí mo bá fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, á gbiná. Mo ra ike kẹta. Nígbà yẹn ó ti gun èjìká, kò tiẹ̀ jọ làpálàpá mọ́, kò ní etí, àwọn kókó wẹ́wẹ́ ló yọ káàkiri. Awọ apá mi wá tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán, mo ń rí iṣan lábẹ́ rẹ̀. Nítòsí abíyá, ara mi fà ya bí ikùn ẹni tó ti bímọ. Kí ẹnikẹ́ni má wá bi mí pé kí ló dé tí mi ò tètè lọ sílé ìwòsàn. Bí ohun kan bá ń rọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, ṣé wàá pè é ní àìsàn?

Dókítà awọ ara tí mo padà lọ bá kò pariwo mọ́ mi. Ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n ha díẹ̀ lára èépá rẹ̀, wọ́n kán oògùn sí i, wọ́n wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù, wọ́n sì rí ohun tó ń fa làpálàpá níbẹ̀ tó ta bí òwú. Ó wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí! Wọ́n wá ní kí n mú ike náà wá. Wọ́n ní àwọn ò lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ nítorí kò sí ohun tí wọ́n kọ sí i, ṣùgbọ́n ìwà tí apá mi hù, ìwà steroid tó lágbára ni, irú clobetasol.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí wọ́n ṣe là á yé mi. Yíyún àti wíwú yẹn, ara ló ń jà. Steroid a máa pa ẹnu ìjà yẹn mọ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi wúlò fún eczema, níbi tí ìjà náà gan-an ti jẹ́ àìsàn. Ṣùgbọ́n nínú làpálàpá, ọlọ́dẹ lo fún ní oògùn oorun, tí olè sì wà nínú ilé. Àwọn dókítà tiẹ̀ ní orúkọ fún un, tinea incognito, ìyẹn làpálàpá tó ti para dà. Clobetasol 0.05% tòótọ́, ìkìlọ̀ rẹ̀ ni pé kí èèyàn má ṣe lò ó ju ọ̀sẹ̀ méjì léra lọ, kó má sì ju gírámù 50 lọ́sẹ̀ kan. Oṣù mẹ́ta ni èmi fi lo ìpara tèmi. Lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́!

Mi ò lè búra pé òun ló wà nínú rẹ̀. Mi ò ní ẹ̀rọ tí mo lè fi yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ ewé wo ló ń ṣe awọ ní tẹ́ẹ́rẹ́?

Ti àbúrò mi nìyí. Ojú rẹ̀ dán fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà kókó wẹ́wẹ́ yí ẹnu àti imú rẹ̀ ká. Ọjọ́ tí kò bá fi pa á, ojú á máa jó o bí iná. Òun náà ti wà lọ́dọ̀ dókítà báyìí. Ó ń dá mi lóhùn, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ irú "ẹ ṣé, àǹtí" tí kò dénú.

Èyí tó ń bí mi nínú jù: fún làpálàpá ẹyọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ìpara clotrimazole 1% tàbí terbinafine 1% ló sábà máa ń tó, apòògùn ló ń tà á. Kí èèyàn má kàn dá a dúró ní kété tí kò bá rí i mọ́, kó tẹ̀ lé iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i. Èmi ti sọ tèmi di ohun tí mò ń gbé oògùn oníhóró mì fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí n yára sọ èyí tó kù. Ìpara tí kò bá kọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ má fi kan ara. Bí ẹ bá rí calomel, mercurous chloride tàbí ammoniated mercury lára ike, mẹ́kúrì ni, ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ilé lara ń yún lóru, ẹ fura sí kúrùnà, kí gbogbo ilé gba ìtọ́jú lọ́jọ́ kan náà. Làpálàpá orí ọmọdé, ìpara nìkan ò lè wò ó, oògùn mímu ni. Ẹni tó bá sì ti ń fi irú ìpara bíi tèmi para fún ìgbà pípẹ́, kó lọ bá dókítà kó tó dá a dúró, kó sì mú ike rẹ̀ dání.

Ní tèmi, mi ò gba ẹnikẹ́ni tó ń ta ìpara gbọ́ mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn olóòótọ́ wà láàárín wọn. Kí wọ́n má bínú. Kí wọ́n lọ bá ẹlẹgbẹ́ wọn bínú.

Ẹ wo ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí lónìí. Lánàá, ọ̀rẹ́ mi kan fi ìpolówó kan ránṣẹ́ sí mi, ó ní bóyá ó lè wò mí sàn. Ike funfun, ìdérí olódòdó. Fọ́tò apá kan wà níbẹ̀, "ṣáájú" àti "lẹ́yìn", wọ́n wá kọ "Ọjọ́ mẹ́ta péré!" sábẹ́ rẹ̀. Àpá kékeré kan wà lábẹ́ ìgúnpá náà, láti ìgbà èwe mi ni mo ti ní in. Apá mi ni. Mo ti ya òmíràn lónìí, ó wà lókè ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá rí ìpolówó náà níbikíbi, ẹ bá mi fi í sábẹ́ rẹ̀, nítorí ẹni tó ń tà á ti dínà mọ́ nọ́ńbà mi.