Ọ̀nà Machame lórí Kilimanjaro: ẹ ra ti ọjọ́ méje

Oríṣi méjì ni àwọn tó ń kó èrò gun òkè Kilimanjaro ní Tanzania máa ń tà lọ́nà Machame: ti ọjọ́ mẹ́fà àti ti ọjọ́ méje. Ti ọjọ́ mẹ́fà dínwó. Ẹ má rà á.

Ibùdó Karanga ni wọ́n ti pínyà. Ẹni tó ra ọjọ́ méje á sùn níbẹ̀, ní nǹkan bíi mítà 4,000. Ẹni tó ra mẹ́fà á kọjá lọ sí ibùdó Barafu, tó ga ju mítà 4,600 lọ, lọ́jọ́ kan náà tó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ pọ́n ògiri àpáta Barranco. Lóru ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n á tún jí i pé ó yá, ṣóńṣó òkè kàn. Uhuru nìyẹn, mítà 5,895, níbi tí ọ́síjìn inú èémí kan ò ju nǹkan bí ìdajì ti etí òkun lọ. Orí fífọ́ àti èébì ló sì ń dá èèyàn padà níbẹ̀, bí ẹsẹ̀ tiẹ̀ le koko.

Ọjọ́ kẹta ni mo fẹ́ràn jù nínú ètò yìí. Wọ́n á gùn dé àpáta Lava Tower, ní nǹkan bíi mítà 4,600, wọ́n á jẹun ọ̀sán, wọ́n á wá sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn ní ibùdó Barranco, tó fi mítà 600 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ rẹlẹ̀. Ara á ti tọ́ òkè wò kó tó di pé ó sùn sí i. “Pole pole” tí àwọn amọ̀nà ń pè, ìyẹn díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe eré: ẹni tí kò bá lè sọ̀rọ̀ láì mí hẹlẹhẹlẹ ti ń yára jù.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n bóyá amọ̀nà tó máa bá aláìsàn sọ̀ kalẹ̀ wà, láìdá ẹgbẹ́ yòókù dúró. Ẹ bi wọ́n níbi tí àwọn alábàárù ń sùn àti oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ. Kílò 20 ni òfin fi sí ẹrù orí alábàárù. Ẹni tó bá ń fi ìyà wọn dín owó kù, ẹ fi í sílẹ̀.

Lóru ìgòkè, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa omi mu látinú báàgì ló máa ń kọ́kọ́ dì. Ẹ gbé ìgò, ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ wé e, kí ẹ sì dorí rẹ̀ kodò, torí òkè ni omi ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Bátìrì, abẹ́ aṣọ ni kó wà, lẹ́bàá ara. Kí ẹ sì gé èékánná ẹsẹ̀ kúrú kí ẹ tó kúrò nílé: láti ṣóńṣó sọ̀ dé ibùdó Mweka ju mítà 2,700 lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bí okùn bàtà ò bá sì fún dáadáa ní ọrùn ẹsẹ̀, ọmọ ìka lá máa forí sọ bàtà ní gbogbo ìṣísẹ̀.