Ẹ̀wà tàbí Ẹ̀pà: Èwo Ni Kí A Gbìn?

Inú ìdílé ewéko kan náà, tí wọ́n ń pè ní Fabaceae, ni àwọn méjèèjì wà: òdòdó wọn jọ labalábá, kókó wẹ́wẹ́ sì wà lára gbòǹgbò wọn. Kókó yìí ló ń fa nitrogen, oúnjẹ ewéko, láti inú afẹ́fẹ́. La kókó kan, bí inú rẹ̀ bá pọ́n díẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́.

Òkè ni ẹ̀wà ń so sí. Ti ẹ̀pà yàtọ̀: bí òdòdó bá ti rọ, á na ọ̀pá tín-ín-rín wọlẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ lèso ti ń gbó. Bí ilẹ̀ bá le, ọ̀pá ọ̀hún ò ní wọlé.

Ẹ̀wà tètè ń gbó, bí 60 sí 80 ọjọ́. Ẹ̀pà, 90 sí 120. Ṣùgbọ́n kòkòrò ń bá ẹ̀wà dé inú àpò, ẹ̀pà tí kò gbẹ á sì bu, májèlé nìyẹn.

Òjò kúkúrú: ẹ̀wà. Ilẹ̀ oníyanrìn, òjò gígùn: ẹ̀pà.